Tí ọmọ yín bá ní kí ẹ wá jẹ sushi

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àgbà wa ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó, bí ọmọ yín bá ní òun fẹ́ẹ́ gbé yín lọ jẹ sushi lọ́jọ́ ìbí yín, ẹ má tíì sá. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ àwọn ará Jàpáànì ni. Wọ́n á se ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á fi fíníkà, ṣúgà àti iyọ̀ sí i, wọ́n á gbé ẹja lé e lórí tàbí kí wọ́n fi ewé inú òkun wé e. Ẹja àìsè ló wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ti sísè náà wà. Ẹ lè fọwọ́ jẹ ẹ́. Àwọn tó ni oúnjẹ náà gan-an ń fọwọ́ jẹ ẹ́.

Púpọ̀ nínú ilé oúnjẹ Jàpáànì tó lórúkọ l'Ékòó wà ní Victoria Island àti Ìkòyí. Láti Ìkòtún, ẹ lè gba Èjìgbò àti Ìsọlọ̀ dé Ọ̀ṣòdì, kí ẹ tó gun afárá Third Mainland. Ẹ jẹ nǹkan díẹ̀ kúrò nílé, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò mọ àsìkò oúnjẹ.

Òtútù la fi ń mọ ilé sushi tó dára. Ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà ni pé kí ọ̀pọ̀ ẹja tí wọ́n máa jẹ láìsè wà nínú òtútù tó fi ìwọ̀n 20 Celsius wálẹ̀ ju òdo lọ fún ọjọ́ 7, kí aràn inú rẹ̀ lè kú. Síbẹ̀, òtútù kì í pa gbogbo kòkòrò àrùn. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí aboyún, ọmọ kékeré, arúgbó àti ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára jẹ ẹja àìsè. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní èyí tí wọ́n fi edé sísè, ẹyin díndín tàbí kùkúńbà ṣe. Omi dúdú tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níyọ̀ púpọ̀. Kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru kàn tọ́ ọ wò ni.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni kí ẹnì kan padà dé Alímọ̀ṣọ́ kó ní òun náà fẹ́ẹ́ ṣe é nílé. Òkú èkó tẹ́ ẹ rà lọ́jà Ìkòtún lè ti yọ́, kó tún ti dì, kó tó dọ́wọ́ yín. Iná tó ń ṣe ṣégesège kì í sì í jẹ́ kí fìrísà ilé tutù bó ṣe yẹ. Ẹja àrọ̀ tó ń ta pọ́ún nínú ọpọ́n ńkọ́? Bó ti wù kó yè kooro tó, ẹja omi tí kò níyọ̀ ni, aràn inú irú ẹja bẹ́ẹ̀ sì lè wọ ara èèyàn. Àwọn ará Jàpáànì pàápàá kì í sábà jẹ ẹja odò láìsè.

Ṣùgbọ́n adùn tí wọ́n ń wá kiri nínú sushi, pé kí ẹja má tíì pẹ́, kí ẹni tó fẹ́ẹ́ jẹ ẹ́ sì rí ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é, wà nítòsí yín. Níbi point-and-kill l'Ẹ́gbẹ́dá tàbí Ìgàndó, ẹ óò tọ́ka sí ẹja àrọ̀ tó wù yín, wọ́n á pa á lójú yín, wọ́n á fi se pẹpẹ súùpù. Ẹ ṣáà rí i pé ó jinná dé egungun.

Bí ọ̀nà Victoria Island bá jìn jù fún orúnkún yín, ẹ ní kí ọmọ gbé yín lọ síbẹ̀. Ọjọ́ ìbí náà ni.