Ohun Tí Ẹ̀rọ Kò Rí Lára Akẹgbẹ́ Wa

Àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún mọ̀ pé bí a bá pàdé nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìlera ni í ṣáájú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ohun tí a kọ́ lára akẹgbẹ́ wa kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, òun náà sì fún wa láyè láti sọ ọ́.

Lymphoma ni ó ṣe é, irú jẹjẹrẹ kan tí í bẹ̀rẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tí ń bá wa gbógun ti àrùn. Kókó inú ọrùn tàbí ti abíyá ni ó sábà máa ń wú, ṣùgbọ́n àrùn náà lè dé awọ ara pẹ̀lú. Lára aláwọ̀ dúdú, ó lè jẹ́ àbàwọ́n tí ó funfun díẹ̀ ju ara yòókù lọ, tí a ó sì máa pè ní làpálàpá fún ọdún púpọ̀.

Ẹ̀rọ PET-CT ni wọ́n fi ya àwòrán inú ara rẹ̀. Wọn yóò gún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ ṣúgà tí ó ní ìtànṣán díẹ̀, yóò sì sinmi fún nǹkan bí wákàtí kan. Jẹjẹrẹ sábà máa ń fa ṣúgà yìí ju ẹran ara yòókù lọ, ibẹ̀ yóò sì tàn nínú àwòrán. Ohun tí ó sá pamọ́ sínú àyà àti ikùn yóò hàn gbangba.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ náà ní ààlà. Àbàwọ́n pẹlẹbẹ lórí awọ lè má tàn rárá, bẹ́ẹ̀ ni egbò lásán lè tàn bí jẹjẹrẹ. Pẹ̀lúpẹ̀lù, láti ìsàlẹ̀ agbárí dé agbedeméjì itan ni wọ́n sábà máa ń yà. Ojúgun ni àbàwọ́n ti akẹgbẹ́ wa wà, lábẹ́ ṣòkòtò, ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó mẹ́nu kàn án. Nọ́ọ̀sì kan ni ó ṣàkíyèsí rẹ̀. Wọ́n tún un yà láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì gé díẹ̀ nínú awọ náà lọ wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ìgbà náà ni òtítọ́ tó fìdí múlẹ̀, tí wọ́n sì yí ìtọ́jú rẹ̀ padà. Ó ń bẹ láàyè lónìí, a dúpẹ́.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin òbí, ilé-ẹ̀kọ́ yìí kọ́ wa láti máa bo ara wa bí ó ti yẹ, a kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iwájú dókítà kọ́ ni a ti ń bo ara. Àbàwọ́n tí ó bá kọ̀ tí kò san, ẹ fi hàn án, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀rọ ti yà yín tán.