Láti Òkè Sukur dé Ẹ̀yìnkùlé Kan ní Ẹ̀fọ̀n

Bí ẹ bá bi ọmọ Yorùbá pé ibo ní Nàìjíríà ló kọ́kọ́ wọ ìwé ogún àjùmọ̀ní gbogbo ayé tí àjọ UNESCO ń kọ, Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ni yóò dárúkọ. Mi ò bá a wí. Ọdọọdún ni ariwo ọdún Ọ̀ṣun ń dé etí wa, ta ló sì ń pariwo Sukur? Ṣùgbọ́n 2005 ni Òṣogbo wọ ìwé náà. Sukur ti wà níbẹ̀ láti 1999. Orí òkè Mandara ló wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Madagali, ìpínlẹ̀ Adamawa, lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ̀rọ̀ ààfin Hidi, ìyẹn ọba wọn, tí wọ́n fi òkúta mọ láìfi amọ̀ sí i. Wọ́n á tún sọ̀rọ̀ iná ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin láyé àtijọ́. Èmi ní tèmi, oko wọn ni mo bá lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí à ń pè ní Màmá, ló fà á. Màmá ní ilẹ̀ kan lẹ́yìn ilé wọn ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ẹni tó bá sì mọ Ẹ̀fọ̀n mọ̀ pé ilẹ̀ tó tẹ́jú níbẹ̀ kì í pẹ́ di ilé. Èyí tó dà gẹ̀rẹ́ ló ń kù fún ọ̀gbìn. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀ dúdú ojú rẹ̀ á ti bá ọ̀gbàrá lọ sójú títì, ata tí wọ́n gbìn á wá dúró lórí gbòǹgbò bí ẹni tó gun àgéré. Ebè gbọọrọ ni wọ́n ń kọ, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rọ ẹ̀yìn lọ́rùn. Poro tó wà láàárín ebè méjì á sì di ojú àgbàrá. Mo ti kà nípa oko Sukur, níbi tí ògiri òkúta ti ń di ilẹ̀ òkè mú, mo ti rí àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán kì í sọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri.

Ọdún 2010 ni, lópin ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbàdàn sí Abuja kò ní ìtàn. Láti Abuja la ti gba Akwanga, Jos, Bauchi àti Gombe, tí a sọdá odò Benue ní Numan, tí a sì wọ Yola, níbi tí oòrùn ti ń gbowó orí lọ́wọ́ àlejò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mọ́tò mìíràn gbé wa gba Song, Gombi àti Hong lọ sí Mubi. Bí a ṣe kọjá Michika, òkè ti tò sí ọwọ́ ọ̀tún wa, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Àṣàbà, bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀kadà lọ́hùn-ún, ló gbé mi dé ẹsẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì parí iṣẹ́ tirẹ̀ sí. Ìyókù di ti orúnkún.

Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà tó gòkè, wọ́n tò ó dáadáa débi pé ẹsẹ̀ kò nílò ojú. Ọmọkùnrin tó ṣamọ̀nà mi gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Èmi náà ní Haúsá ọjà tí mo kó ní Ṣáṣá, n'Ìbàdàn. Sakun ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń sọ láàárín ara wọn. Ibi tí à ń lọ fi ohun tó lé ní mítà 1,000 ga ju òkun lọ, ẹ̀dọ̀fóró mi sì mọ̀ ọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà tí mo bá dúró bíi pé mo fẹ́ wo nǹkan, èémí ni mo ń wá.

Nǹkan wà láti wò, àmọ́. Mo ti rí oko lórí òkè rí. Ní Ìdànrè àti ní Èkìtì, a ń gbin kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbi tí ewúrẹ́ á kọ́kọ́ ronú lé lórí. Ti Sukur kì í ṣe oko tó wà lórí òkè. Òkè náà gan-an ni wọ́n sọ di oko. Ògiri òkúta ń tẹ̀lé ògiri òkúta, èyí kò ga ju orúnkún lọ, èyí tó ẹni láyà, wọ́n sì ń yí bí òkè ṣe ń yí. Láàárín wọn ni ilẹ̀ tó tẹ́jú wà. Àwọn kan gba ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ń roko lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan kò gbà ju ẹní kan lọ, síbẹ̀ pòròpórò ọkà bàbà ọdún tó kọjá wà lórí wọn. Igi wà láàárín oko tí ẹnikẹ́ni kò gé. Ọmọkùnrin náà ní ti àwọn mìíràn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibòji nìkan. Ọ̀rọ̀ ìbọ wà níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò ní kí ó túmọ̀ ìyẹn fún òun.

A bá bàbá kan tó ń tún ògiri ṣe. Àsìkò rẹ̀ ni: òjò ọdún tó kọjá ti já àwọn òkúta kan sílẹ̀, tọdún yìí sì ń bọ̀. Mo kí i ní Haúsá, "Sannu da aiki, Baba," ó dáhùn, ó bi amọ̀nà mi léèrè ẹni tí mo jẹ́. Ọmọkùnrin náà ní àgbẹ̀ ni mí, láti ìsàlẹ̀ Nàìjíríà. Bàbá gba ọwọ́ mi, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó rẹ́rìn-ín tó gùn. Lẹ́yìn náà ó gbé òkúta kan fún mi.

Irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ju ọkọ́, ọ̀pá irin kan àti apẹ̀rẹ̀ lọ. Kò fi òòlù gé òkúta. Á yí i lọ́wọ́, á tún yí i, títí ojú kan á fi bá àyè rẹ̀ mu. Àwọn òkúta tó tóbi jù ló gba ìsàlẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ kòtò fún wọn kí wọ́n má baà yọ̀. Ọwọ́ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á fẹ́ tẹ́ òkúta gígùn sójú ògiri ní ìbú, torí pé á tètè bo àyè. Bàbá ń ti orí wọn wọ inú òkè ni, tí ó fi jẹ́ pé ìdí òkúta nìkan lẹ ń rí lóde, ìyókù ti di ilẹ̀ mú. Òkúta kọ̀ọ̀kan jókòó lórí méjì, kò sí ibi tí ìlà ìpàdé wọn ti ṣe tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbogbo ògiri náà sì fẹ̀yìn ti òkè díẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mi ò tí ì rí nínú àwòrán kankan. Lẹ́yìn àwọn òkúta ńlá, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, kí ó tó wá kan ilẹ̀ oko. Mo béèrè ìdí tí wọn kò fi fi amọ̀ dí àárín òkúta kí ó le dáadáa. Bàbá sọ̀rọ̀ díẹ̀, ọmọkùnrin náà túmọ̀ rẹ̀: bí omi kò bá rọ́nà jáde, yóò la ọ̀nà. Ìyẹn ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Ìwúwo ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń wó ògiri bẹ́ẹ̀. Omi tó kó jọ sẹ́yìn rẹ̀ ló sábà ń tì í ṣubú. Ògiri Sukur kò dá omi dúró. Ó ń jẹ́ kó jókòó díẹ̀, kó mu ilẹ̀ yó, kó sì máa yọ́ jáde láàárín òkúta sórí ìpele tó kàn, níbi tí yóò tún ti jókòó.

Mo tún bojú wò yíká kí n rí ibi tí wọ́n ti ń gbé òkúta wá. Kò sí. Inú oko náà ni. Èyí tí ì bá máa ṣẹ́ ẹnu ọkọ́ ni wọ́n hú, ibi tó sì sún mọ́ ọn jù lọ ni wọ́n tò ó sí. Níbi tiwa, a máa ń kó òkúta oko jọ sídìí igi kan, ejò á sì fi í ṣe ilé.

Ọkọ́ fúnra rẹ̀ ní ìtàn níbẹ̀. Títí di nǹkan bí àárín ọ̀rúndún ogún ni Sukur ń yọ́ irin, èérún irin yíyọ́ ṣì fọ́n sílẹ̀ káàkiri. Àwọn awalẹ̀pìtàn Nicholas David àti Judith Sterner ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí níbẹ̀. Irin náà di ọkọ́, ó sì di owó: wọ́n ń fi ọ̀pá irin fẹ́ ìyàwó nígbà náà. Ẹni tó bá ń bọ Ògún nílẹ̀ wa ní ìbátan lórí òkè yẹn, bí wọn kò tilẹ̀ tíì mọ ara wọn. Mo rí ilé olókùúta tó rì wọlẹ̀ tí wọ́n ti ń bọ́ akọ màlúù sanra, mo sì ronú nípa ìgbẹ́ rẹ̀, torí ilẹ̀ tó ń so ọkà lọ́dọọdún lórí àpáta báyìí, ó ní láti jẹun.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Boko Haram ya wọ Sukur, wọ́n sun ilé, wọ́n sun àká. Ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ sá lọ, ọ̀pọ̀ sì ti padà. Iná kò lè jó ògiri òkúta. Ṣùgbọ́n òkúta tó já, tí kò sẹ́ni tó dá a padà kí òjò tó dé, á fa èyí tó wà lókè rẹ̀ lọ. Mi ò mọ orúkọ bàbá tó wo àtẹ́lẹwọ́ mi, n kò sì rọ́nà béèrè rẹ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni mo ti wà ní Ẹ̀fọ̀n lẹ́yìnkùlé Màmá. A kò ra òkúta. Ní Ẹ̀fọ̀n, ilẹ̀ ló ń hù ú. A yá dígà àti ọ̀pá irin lọ́wọ́ bíríkìlà àdúgbò, ọkọ́, àdá àti ṣọ́bìrì wà nílé, a gba alágbàṣe méjì. Màmá wò wá títí, wọ́n ní, "Ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ fún ata ni?"

Ìlà la kọ́kọ́ wá, ìlà tí kò gòkè tí kò sì sọ̀kalẹ̀. Ojú máa ń tan ni jẹ lórí òkè, ẹ má gbà á gbọ́. Ọparun méjì tó gùn dọ́gba la so lórí, a la ẹsẹ̀ wọn, a fi ọ̀kan dá wọn lábùú, a wá fi okùn so òkúta kékeré rọ̀ láti orí wọn. A gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ilẹ̀, a sàmì síbi tí okùn ti kan igi àbùú. A gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síbi ti òsì, ti òsì síbi ti ọ̀tún, a tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni dọ́gba wà. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ kan dúró, èkejì ń wá ibi tí okùn yóò ti bọ́ sí àárín, a ń kan èèkàn bí a ṣe ń lọ. Ìlà tó jáde kò tọ́ rárá. Ó ń wọnú, ó ń yọ síta, bí mo ṣe rí i ní Sukur.

Ìsàlẹ̀ pátápátá la ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ilẹ̀ tí a bá gé lókè ni yóò kún ẹ̀yìn ògiri ìsàlẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀. A kọ́kọ́ ha ilẹ̀ dúdú ojú rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá bò ó mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ pupa, ọdún méjì ni ata yóò fi máa bínú sí i. Ilẹ̀ Màmá ń rẹlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan láàárín mítà mẹ́rin, nítorí náà ògiri ìdajì mítà fún wa ní bẹ́ẹ̀dì mítà méjì. A lè fẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ògiri á ga sí i, ògiri tó bá sì ti dé àyà kúrò ní iṣẹ́ aláìmọṣẹ́. Bí ògiri bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 60, a jẹ́ kó fẹ̀yìn ní 10. Nígbà tí ó kún, ilẹ̀ dúdú padà sórí, ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sì tẹ̀lé e. A gbin koríko ọba sétí ògiri kọ̀ọ̀kan kí gbòǹgbò rẹ̀ di etí náà mú, Màmá sì ń já ewé rẹ̀ se tíì.

Nígbà tí òjò ńlá kọ́kọ́ dé, omi tó jáde láàárín òkúta kò pupa mọ́. Igun kan ní ìpele kejì wú síta. Omi òrùlé ló ń dà síbẹ̀: páànù ilé odindi kan tú omi rẹ̀ sójú kan ṣoṣo. A tú igun náà, a tò ó padà, a la gọ́tà fún omi òrùlé gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ yí ilé rẹ̀ ká nígbà tí òjò bá ń rọ̀.

Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ata àti tòmátì ṣe dáadáa. Ìjà wa bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí mo dé tí mo bá ebè iṣu lórí ìpele ìsàlẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń wa iṣu níbẹ̀, ẹ̀ ń wú òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn ògiri ni." Wọ́n ní ẹni tó bá ní kí àwọn má gbin iṣu sórí ilẹ̀ àwọn, kó wá máa fi ẹ̀fọ́ gún iyán. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kí ebè fi ẹsẹ̀ bàtà méjì jìnnà sí ògiri. Wọ́n fún mi ní ọ̀kan ààbọ̀.