Kí Iléyá tó dé: ọ̀rọ̀ iná nínú àwọn ilé Ayépé

Ní Ayépé, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Ìjẹ̀bú, ilé ńlá pọ̀ tí ó jẹ́ pé ìyá àgbà kan ṣoṣo ni ó ń sùn nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wà ní Èkó, wọ́n wà ní òkè òkun. Bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí Ojúde Ọba sì ń pe gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú wálé, yàrá tí wọ́n ti tì pa láti ọdún tó kọjá yóò di ṣíṣí. Ẹnì kan yóò fi áyọ́ọ̀nù sí iná, ẹlòmíràn yóò tan ẹ̀rọ amúlétutù, àwọn ọmọdé yóò so fóònù mẹ́fà mọ́ ojú iná kan. Wáyà inú ògiri kò mọ̀ pé ọdún dé. Gílóòbù mẹ́jọ àti rédíò kan ni bàbá wọn ní lọ́kàn nígbà tí ó rà á, ní bí ogójì ọdún sẹ́yìn.

Wáyà bẹ́ẹ̀ kì í sábà dédé gbiná. Yóò ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò máa gbóná, yóò sì máa dúdú díẹ̀díẹ̀, òórùn bí ti rọ́bà tí ń jó yóò gba yàrá, iná yóò máa ṣẹ́jú nígbàkúùgbà tí fíríìjì bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fíúùsì yóò já, kí ó lè gba ilé là. Níbẹ̀ ni ọlọ́gbọ́n inú ilé yóò ti yọ bébà fàdákà inú páálí sìgá, yóò fi wé fíúùsì náà, iná yóò sì padà dé. Ó lé ọdẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ sùn.

Ìyá kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé fíríìjì ń ta òun lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Màámi, ẹ máa wọ bàtà.” Ìyá gbọ́, ó ń wọ sílípáàsì rọ́bà, ó sì ń fi aṣọ di ilẹ̀kùn fíríìjì mú. Ní ọjọ́ tí wọ́n fọ ilé ìdáná, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, fẹ́ mu omi tútù. Kò wọ bàtà, ilẹ̀ sì tutù. Iná gbé e, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá kò fi ọwọ́ kan ọmọ náà. Súìṣì ara ògiri ni ó kọ́kọ́ pa. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí òkú di méjì. Ọmọ náà tún ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wákàtí kan, síbẹ̀ wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí iná lè da ìlù ọkàn rú láìfi àpá sí ara.

Iná tí ń kọjá nínú gílóòbù wátì 60 tó láti dá ọkàn ènìyàn dúró. Iṣẹ́ wáyà ilẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní ẹ́ẹ̀tì, ni láti mú iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ kí ó má baà gba ara ènìyàn kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, irin rẹ̀ ti dípẹtà tàbí kí ó má tilẹ̀ sí rárá.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2017, wáyà iná ńlá já lu ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Calabar nígbà tí Manchester United ń bá Anderlecht gbá, àwọn ènìyàn sì kú. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbọ́. Ẹni tí fíríìjì bá pa nínú ilé ìdáná kì í dé inú ìròyìn, wọn a ní àmúwá Ọlọ́run ni. Òfin ti fún àjọ NEMSA ní iṣẹ́ yíyẹ iṣẹ́ iná wò, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn onílé ló tíì béèrè wọn? Owó aṣọ régbérégbé kì í sì í wọ́n jù lójú ẹnikẹ́ni.

Bí wáyà bá gbiná, ẹ má ṣe da omi sí i; súìṣì àgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ já bí ọ̀nà rẹ̀ bá ṣí, bí kò bá ṣí, kí gbogbo ilé jáde. Ní Iléyá tó ń bọ̀, lẹ́yìn wákàtí kan tí iná ti dé, kí ẹnì kan tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá gbóná, kí ó pa á títí oníṣẹ́ iná yóò fi dé.