Mo Gba Ìdìrókò Lọ Ra Àwo Orin

Ẹni tó bá fẹ́ ti Ìlaròó lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Òwódé ni yóò kọ́kọ́ já sí, kó tó kọjá ní Ajílété dé ẹnubodè Ìdìrókò. Ọ̀nà náà kò jìn. Ọwọ́ àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígíréṣọ̀n ni àkókò ń lọ sí. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti ti ẹnubodè yìí pa, oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Bó ṣe ṣí ni mo múra, torí mo ti gbọ́ pé bàbá kan ń ta àwo orin àtijọ́ ní Àjàṣẹ́.

Mo wọkọ̀ ní Ìgòlò, ní òdìkejì ẹnubodè, mo gun ọ̀kadà dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù.

“Ẹ kú ìjókòó, Bàbá.”

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Ìlaròó lo ti wá? Ilé náà lo wà.”

Ohun tí mo wá rà ni African Scream Contest, àwo méjì nínú páálí kan, tí ilé-iṣẹ́ Analog Africa ní Jámánì gbé jáde ní 2008. Orin mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, orin àwọn ọ̀dọ́ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò láyé 1970. Bàbá gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ, ó rọra sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. “It’s a Vanity” ni, tí Gabo Brown kọ pẹ̀lú Orchestre Poly-Rythmo. Gìtá náà ń han bí irin tí wọ́n ń rẹ́, ìlù kò sì fún ẹsẹ̀ ní ìsinmi. Mo dìde dúró.

Kútọnu ni wọ́n ti dá Poly-Rythmo sílẹ̀ ní 1968, Mélomé Clément ni olórí wọn. Wọ́n gbọ́ James Brown, wọ́n gbọ́ rọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n wọn ò ju ìlù ilé nù. Wọ́n fi gìtá bá ìlù Sakpata rìn, òrìṣà tí àwa náà ń bọ ní Ṣọ̀pọ̀ná. Wọ́n mú Sató tí wọ́n fi ń rántí àwọn òkú, wọ́n gbé e wọ ilé ijó. Etí tó bá ti gbọ́ ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Yewa kò ní ka orin yìí sí àjèjì.

Ohun tó dùn mí ni pé nílùú Èkó gan-an, ní sitúdíò EMI, ni wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ orin wọn sílẹ̀ fún Albarika Store, ilé-iṣẹ́ Adissa Seidou. Sitúdíò EMI yẹn, ní Àpápá, ni Paul McCartney ti ṣe Band on the Run ní 1973. Wọ́n ti tún ti McCartney tẹ̀ léraléra. Ní 2024 ó jáde ní àwo méjì fún àádọ́ta ọdún rẹ̀. Gbogbo ayé mọ ìtàn yẹn. Ta ló mọ ti àwọn ará Kútọnu, tí wọn kò jìnnà sí wa?

Àwọn kan ń sọ pé àwo àkọ́tẹ̀ nìkan ló níyì. N kò gbà. Àkọ́tẹ̀ tí Bàbá fi hàn mí ti ha, orúkọ olórin nìkan ló sì wà lára rẹ̀. Nínú àtúntẹ̀ tí mo rà yìí ni ìwé pẹlẹbẹ wà, pẹ̀lú àwòrán àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn olórin, nítorí pé Samy Ben Redjeb tó ni Analog Africa wá wọn kiri dé ibi tí wọ́n ń gbé. Ìwé yẹn ni mo sanwó fún jù. Owó sẹ́fà tí mo kó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣẹ́kù, kò sì dùn mí.

Mélomé Clément kú ní 2012, lẹ́yìn tí Samy ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ, àwo wà lábẹ́ ibùsùn àwọn bàbá yín. Ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù kí ẹ tó béèrè ẹni tó ta gìtá àti ẹni tó lu ìlù. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó lè dáhùn ṣì wà.