Ìbúra Lórí Ìwé Owó-Orí

Ẹnikẹ́ni tí a bí sínú ìran tí ó mọ Ògún Lákáayé, tí ó sì ti rí àgbàlagbà tí ó fi ẹnu kan irin ní kóòtù kí ó tó jẹ́rìí, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn ni ó ń gbé tàbí níhìn-ín ní Tokoin, lókè ọ̀sà Lomé, kò ní fi ojú yẹpẹrẹ wo ẹjọ́ tí ó dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1927. Manley Sullivan, ará South Carolina, ń ta ọtí nígbà tí òfin ti ka ọtí léèwọ̀, kò sì kọ ìwé owó-orí kankan ránṣẹ́; àwíjàre rẹ̀ ni pé bí òun bá búra sí èrè tí òun jẹ, ẹnu ara òun ni òun fi dá ara òun lẹ́bi, òfin ilẹ̀ náà kò sì gbà kí a fi ipá mú ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Oliver Wendell Holmes dáhùn pé kí ó kọ ìwé náà wá ná, ibi tí ìbéèrè bá ti fẹ́ kó bá a, kí ó sọ níbẹ̀ pé òun kò ní dáhùn. Ìdájọ́ yìí tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ẹnu ẹni ni a fi ń kọ "mi ò jẹ", a kì í ránṣẹ́ kọ ọ́ láti ilé. Àwọn tí wọ́n dé lẹ́yìn Sullivan, tí wọ́n fi gègé pa gbólóhùn ìbúra ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù rẹ́, kò jàre. Ilé-ẹjọ́ ka ìwé wọn sí èyí tí wọn kò kọ rárá.

Ṣùgbọ́n Sullivan mọ ohun tí wọ́n ní kí ó búra sí. Ìyẹn ni ó ń jẹ mí lọ́kàn. Ní Togo, kò sí irin, kò sí Bíbélì: ènìyàn a kàn fọwọ́ sí i pé òdodo ni ohun tí òun kọ fún Office Togolais des Recettes, tí ó ti ń gba owó-orí àti owó ibodè pọ̀ láti ọdún 2014. Èdè Faransé ni ìwé náà. Yorùbá àti Mina ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa tí ń pàtẹ gbọ́. Ẹlòmíràn ni ó ń bá wọn kọ ọ́, àwọn a sì tẹ̀ka. Ìyá tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n kọ, kí ni ó jẹ́rìí sí? Nígbà tí àwọn obìnrin ọlọ́jà Lomé dìde sí owó-orí tuntun ti Gómìnà Robert de Guise ní January 1933, ohun tí wọ́n ń bá jà yé wọn yékéyéké.

Nàìjíríà ní òfin kan láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹni tí ó bá bá aláìmọ̀wé kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Irú rẹ̀ ni mo ń fẹ́ lórí gbogbo ìwé owó-orí tí a bá kọ fún àwọn ìyá wa ní Tokoin, kí ó lè jẹ́ pé bí ìjọba bá pe ìyá kan lẹ́jọ́, akọ̀wé náà yóò dúró tì í.