Nígbà Tí Ojúlé Ṣì Ń Jẹ́rìí

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ní Chicago, ìwé ńlá kan wà tí gbogbo àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ń pè ní Haines. Ìwé fóònù ni, ṣùgbọ́n kò jọ èyí tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ń pín fún ará ìlú. Nínú ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, orúkọ ni wọ́n tò tẹ̀léra. Nínú Haines, òpópónà ni wọ́n tò, ojúlé tẹ̀lé ojúlé. Bí ẹ bá ṣí i sí òpópónà tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, ẹ ó rí ẹni tó ń gbé ojúlé kìíní, ẹ ó rí ti ìkejì, títí dé ìparí òpópónà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn àti ọdún tí orúkọ wọn kọ́kọ́ wọ inú ìwé. Bí ọdún náà bá ti jìnnà, inú mi á dùn, nítorí ẹni tó ti pẹ́ ládùúgbò mọ ìró ọkọ̀ tí kì í ṣe ti àdúgbò.

Àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà lónìí ní ohun èlò tí a kò lálàá rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ máa ń béèrè: orúkọ. Ta lẹ ń wá? Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó máa yọ aláìṣẹ̀ lẹ́wọ̀n ni ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀: ìyá àgbà tó jókòó sójú fèrèsé nílé òdìkejì, ọmọkùnrin tó ń pín ìwé ìròyìn ní ìdájí, awakọ̀ tó dúró pààrọ̀ táyà. Ọlọ́pàá kò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ń gbé nìkan ló lè tọ́ka sí wọn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Ní Nàìjíríà, bí afurasí bá tètè sọ fún ọlọ́pàá pé òun kò sí níbi tí ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀, tó sì dárúkọ ibi tó wà àti ẹni tí wọ́n jọ wà, òfin ní kí ọlọ́pàá lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ní Amẹ́ríkà, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ kì í dúró de ọlọ́pàá. Ó máa ń ní olùwádìí tirẹ̀, ẹni tí kò ní àṣẹ láti mú ènìyàn, tí kò sì lè fi tipá mú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí onílé bá ní kí ó máa lọ, lílọ ni. Àwọn bàbá wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ìdí ẹnìkejì ni àwa wà.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí agbẹjọ́rò kò fúnra rẹ̀ lọ. Ó lè lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá lọ. Bí ẹlẹ́rìí bá yí ohùn padà níwájú adájọ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí láti sọ ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ náà. Agbẹjọ́rò kò lè máa ro ẹjọ́ kó tún máa jẹ́rìí nínú ẹjọ́ kan náà. Olùwádìí lè jẹ́rìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ìtàn Clarence Earl Gideon, ẹni tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n ní Florida ní 1961 pé ó fọ́ ilé kan tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Kò lówó agbẹjọ́rò, òun fúnra rẹ̀ ló ro ẹjọ́ ara rẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n ló sì ti fi pẹ́ńsùlù kọ̀wé sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ. Ní 1963, ilé-ẹjọ́ náà pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ máa fún ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ńlá kàn, tí kò sì lówó lọ́wọ́, ní agbẹjọ́rò. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń parí ìtàn náà sí. Ìgbẹ́jọ́ kejì, tó wáyé lọ́dún yẹn kan náà, ni èmi fẹ́ràn jù. W. Fred Turner, agbẹjọ́rò tí wọ́n fún un, ti rìn káàkiri bi àwọn ènìyàn léèrè kí ọjọ́ ẹjọ́ tó pé. Awakọ̀ takisí tó gbé Gideon láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fọ́ ilé náà jẹ́rìí pé ó ní kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun rí i. Etí tó bá gbọ́ ìyẹn á ti dá a lẹ́bi. Turner wá bi awakọ̀ náà bóyá Gideon ti sọ irú rẹ̀ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wàhálà Gideon àti ìyàwó rẹ̀ ló máa ń fà á. Àwọn júrì dá a sílẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ti rìn ló ń mọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ tiwa máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹjọ́ ọ̀daràn tó wà ní oríta òpópónà 26th àti California. Ẹ ó tò sórí ìlà, ẹ ó kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sórí pépà pélébé, akọ̀wé á wọlé lọ wá fáìlì. Bó bá jẹ́ ẹjọ́ àtijọ́, fíìmù ni wọ́n á gbé fún yín, ẹ ó máa yí i lójú ẹ̀rọ títí ojú á fi máa ṣe bàìbàì. Akọ̀wé tó mọ̀ yín, tí ẹ máa ń béèrè àlàáfíà ọmọ rẹ̀, á sọ fún yín pé ẹlẹ́rìí ìjọba yìí ní ẹjọ́ tirẹ̀ ní yàrá kejì, ẹ lọ wò ó níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè rí ni, ìwé gbangba ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ibi tí yóò wò kò ní rí i.

Láti ibẹ̀, ó di ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn. Mo rántí Robert Taylor Homes, ilé gogoro 28 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga tó àjà 16, tí wọ́n tò lọ sójú State Street. Lífìtì kì í sábà ṣiṣẹ́, àtẹ̀gùn la máa ń gùn. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà tó ń gbé ibẹ̀ jẹ́ ẹni tí òbí wọn ṣí wá láti Mississippi, ọ̀rọ̀ ìkíni sì ká wọn lára bó ṣe ká wa lára. Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ mi nílé ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀ ju ohun tí mo kọ́ nílé ìwé lọ. N kò jẹ́ dárúkọ ẹjọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Màá kí màmá, màá béèrè ara wọn, màá sọ orúkọ mi àti ẹni tí mò ń ṣiṣẹ́ fún láìfi bò, nítorí ẹni tó bá fi irọ́ wọlé á fi ìtìjú jáde nílé-ẹjọ́. Bí wọ́n bá ní kò sí ohun tí àwọn rí, màá dúpẹ́, màá sì padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní ìgbà kejì tàbí ìkẹta ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àga fún mi.

Ìwé ẹ̀rí, ọwọ́ la fi ń kọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí. A ó kà á sí i létí, yóò fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ́ mi pé kí n mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, bóyá nọ́ńbà ilé tàbí orúkọ òpópónà. Ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ á rí i, á fagi lé e, á tún un kọ, á sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá wá dé ilé-ẹjọ́ tó ní òun kò ka ohun tí òun fọwọ́ sí, ìtúnṣe náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

A sì máa ń padà síbi ìṣẹ̀lẹ̀ ní wákàtí kan náà, ní òru bó bá jẹ́ òru, láti dúró síbi tí ẹlẹ́rìí ní òun dúró. Ní ìpínlẹ̀ Illinois níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, kò sí olùwádìí tí kò gbọ́ nípa ẹjọ́ tí Abraham Lincoln rò ní Beardstown ní 1858, nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Duff Armstrong. Ẹlẹ́rìí ní ìmọ́lẹ̀ òṣùpá lòun fi rí i. Lincoln mú ìwé álímánáàkì jáde, ó fi hàn pé ní wákàtí náà, òṣùpá ti lọ sílẹ̀, ó ń múra àtiwọ̀. Ní ìgbà tiwa, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò rọ̀ lóru ọjọ́ kan, a ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ti ìjọba àpapọ̀ ní Asheville, North Carolina, a ó sì dúró de èsì tó ní òǹtẹ̀. Lónìí, ọ̀rọ̀ òṣùpá àti òjò wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́.

Ìdí kan tún wà tí a kì í fi gbára lé fáìlì ọlọ́pàá. Ní 1982, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní Chicago, Frank Laverty, kà nínú ìwé ìròyìn pé ẹjọ́ ìpànìyàn ti bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìwádìí òun fúnra rẹ̀ ti fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìwé tó kọ bẹ́ẹ̀ sí wà nínú fáìlì abẹ́lé tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń tọ́jú sọ́dọ̀ ara wọn, kò dé ọwọ́ agbẹjọ́rò. Bẹ́ẹ̀, láti 1963 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rí tó lè ran olùjẹ́jọ́ lọ́wọ́ pamọ́. Laverty jáde sọ òótọ́, ẹjọ́ náà sì tú ká. Mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yẹn.

Mi ò bú kọ̀ǹpútà o. Mo rí i nígbà tó ń dé, mo sì rí ohun rere tó ṣe. Ẹjọ́ ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tí a máa ń rìnrìn àjò lọ wò, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní PACER gbé e dé orí tábìlì, 10 sẹ́ńtì fún ojú ewé kan. Google Street View bẹ̀rẹ̀ ní 2007, láti 2014 sì ni ẹ ti lè wo àwòrán òpópónà kan náà ní àwọn ọdún tó ti kọjá: igi tó dí ojú ẹlẹ́rìí nígbà náà, tí wọ́n ti gé báyìí, á fara hàn níbẹ̀. Wayback Machine ń pa ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó ni ín ti nù kúrò mọ́. Ní Los Angeles, ní 2003, wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ọkùnrin kan tó ní pápá ẹgbẹ́ béísìbọ́ọ̀lù Dodgers lòun wà pẹ̀lú ọmọ òun. Agbẹjọ́rò rẹ̀ wá fíìmù kiri títí ó fi rí i nínú èyí tí àwọn eléré tẹlifíṣọ̀n kan ń yà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí àti àkọsílẹ̀ òpó fóònù rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí Facebook gbòde, àwọn kan rò pé àwọn lè rán ẹlòmíràn kí ó bá ẹlẹ́rìí ṣọ̀rẹ́ lórí rẹ̀ láìsọ ìdí, kí ó sì máa wo ohun tó ń kọ. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Philadelphia fèsì ní 2009 pé ẹ̀tàn ni. Ó dùn mọ́ mi, nítorí ohun kan náà ni mo ti ń sọ láti ìgbà tó jẹ́ pé ilẹ̀kùn là ń kàn. Àwọn ẹ̀rọ ìṣàwárí tí à ń sanwó fún náà máa ń da ènìyàn méjì pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ wo orúkọ àwa Yorùbá níbẹ̀: kò sí àmì ohùn, wọ́n á fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ọmọ, ẹnì kan á di ẹni mẹ́ta, ẹ̀sùn ẹlòmíràn á sì lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ẹni tí kò bá lọ yẹ̀ ẹ́ wò á gbé irọ́ náà lọ síwájú adájọ́.

Àti pé Haines tí mo sọ, ohun tó fún un lágbára ti kúrò nílẹ̀. Fóònù inú ilé ló gbé e ró, fóònù alágbèéká kò sì ní ojúlé. Ẹ lè tẹ àdírẹ́sì sínú ẹ̀rọ tòní lóòótọ́, yóò kó orúkọ jáde, ẹni tó ti kó lọ láti ọjọ́ pípẹ́ àti ẹni tó ti kú á wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn kò ní sí. Robert Taylor Homes gan-an, ní 2007 ni wọ́n wó èyí tó kẹ́yìn nínú wọn. Àwọn tó mọ ara wọn láti àjà dé àjà fọ́n ká.

Ẹ̀rí tòní sì ń yára kú. Kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù àti ti ẹnu ọ̀nà ilé ń rí ohun tí ìyá àgbà ojú fèrèsé ń rí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà lè rántí títí di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà á ti fi àwòrán tuntun pa ti àtijọ́ rẹ́ kí oṣù tó yípo. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí tó ń wá bá mi pé lọ́jọ́ tí fáìlì bá dé ọwọ́ yín, ẹ dìde, ẹ lọ sí òpópónà náà, ẹ máa wo òkè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bóyá kámẹ́rà wà níbẹ̀, ẹ kàn án, ẹ kí onílé dáadáa.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọ̀pọ̀ ibi ni kò sí ẹni tó máa lọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ka ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò tó ń gbèjà aláìní, èyí tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ní 2007, 40 nínú 100 wọn ni kò ní olùwádìí kankan lẹ́nu iṣẹ́. Níbẹ̀, agbẹjọ́rò tí ẹjọ́ ti wọ̀ lọ́rùn ló máa jókòó ti kọ̀ǹpútà lálẹ́, tí yóò tẹ orúkọ oníbàárà rẹ̀, tí yóò sì tẹ ohun tó bá jáde sórí pépà. Mo ti yẹ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wò: ojú ewé rẹpẹtẹ nípa olùjẹ́jọ́, kò sí ìlà kan nípa ilé òdìkejì. Ìlànà kan ti wà tipẹ́ pé kí agbẹjọ́rò mẹ́ta ní olùwádìí kan, ó kéré tán. Owó tí àwọn ọ́fíìsì náà ń san fún ẹ̀rọ ìṣàwárí, mo fẹ́ kí wọ́n san irú rẹ̀ fún ẹnì kan tó lè gun àtẹ̀gùn.