Bí Mo Ṣe Padà Sẹ́nu Ọ̀nà Iṣẹ́ Ọ́fíṣà

Àwọn tó ń yan ọ́fíṣà ológun kì í sọ ìdí fún ẹni tí wọn kò bá mú. Orúkọ àwọn tó yege ni wọ́n máa ń gbé jáde. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ níbẹ̀ ni yóò fúnra rẹ̀ wá ohun tó fà á. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí ojú mi rí nídìí wíwá iṣẹ́ ọ́fíṣà ológun kò kọ́ mi ju èyí lọ: ẹni tó bá fẹ́ padà lọ gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn dáadáa, kí ó má sì gbé ara àtijọ́ padà síwájú àwọn tó ń yẹ ni wò.

Nígbà tí mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, NDA (Nigerian Defence Academy) ní Kàdúná ni ọkàn mi fà sí, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964 láti máa kọ́ àwọn tí yóò di ọ́fíṣà. Mo fi í ṣe àkọ́kọ́ nínú ìdánwò JAMB, mo ṣe ìdánwò tí NDA fúnra rẹ̀ ń ṣe, wọ́n sì pè mí sí àyẹ̀wò ìkẹyìn. Orúkọ mi kò jáde. Mo sunkún, ojú sì tì mí ládùúgbò, nítorí àwọn ènìyàn ti ń pè mí ní ọ̀gágun. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà pè mí, ó ní, “Ọmọ mi, wọn ò lé ọ. Wọ́n mú àwọn ẹlòmíràn ni. Lọ wo ohun tí wọ́n fi jù ọ́ lọ.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì lọ wò ó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé làálàá kò lè yí àwọn nǹkan kan padà. Gíga wà níbẹ̀: ó kéré tán, mítà 1.68 fún ọkùnrin, 1.65 fún obìnrin. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ti wá náà wà níbẹ̀, nítorí Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní apá 217(3), pàṣẹ pé gbogbo ẹ̀yà orílẹ̀-èdè yìí gbọ́dọ̀ hàn nínú àwọn ọmọ ogun àti àwọn ọ̀gá wọn. Ìwọ àti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ rẹ ni ẹ jọ ń du àyè tó kéré. Mo rí àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ ìpínlẹ̀, mo rí àwọn tó fẹ́ gé ọjọ́ orí wọn kù nípa ìwé ìbúra. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é. Iṣẹ́ tí wọn yóò ti fi ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn lé ọ lọ́wọ́ kò ṣeé fi irọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ orí mi ti ń kọjá ti NDA, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà fún àwọn tó jáde yunifásítì tàbí politẹ́kíníìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní DSSC (Direct Short Service Commission). Mo gba ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ, mo sin ìjọba, mo gba ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú, kálukú ló ní ìkéde tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọjọ́ orí àti irú oyè tí wọ́n ń fẹ́ sì máa ń yàtọ̀. Ka ìkéde náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù.

Ara ni mo kọ́kọ́ mójú tó. Mo lọ sí ilé-ìwòsàn, mo ní kí wọ́n yẹ ojú, etí, eyín, ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá mi wò, kí wọ́n sì ya àwòrán àyà mi. Eyín mi kan ti kẹ̀ tí n kò mọ̀. Ìfúnpá mi sì máa ń lọ sókè bí n kò bá sùn. Wọ́n tọ́jú eyín, dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n sì máa sùn. Ẹni tó fi gbogbo òru wà nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Kàdúná, tó sì bọ́ sílẹ̀ tààrà síwájú dókítà, ìfúnpá rẹ̀ lè ga láìṣàìsàn. Nígbà tí mo padà lọ, mo dé ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò, mo sùn, mo mu omi dáadáa.

Lẹ́yìn ìyẹn, eré sísá. Kìlómítà 3.2 ni mo fi ń dán ara mi wò láàárọ̀ kùtù, pẹ̀lú fífi ọwọ́ gbé ara sókè lórí ilẹ̀ àti lórí irin. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fi kún un, nítorí mo ti rí ẹni tó fi ìkánjú ṣe ẹsẹ̀ ara rẹ̀ léṣe nígbà tí àyẹ̀wò kù sí dẹ̀dẹ̀.

Mo tẹ́ àwọn ìwé-ẹ̀rí mi sórí tábìlì, mo ń wo orúkọ àti ọjọ́ ìbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí lẹ́tà kan bá ti yàtọ̀, mo tún un ṣe lọ́nà òfin kí ìkéde tó jáde. Ẹni tí yóò jẹ́rìí sí ìwà mi, mo yan ẹni tó mọ̀ mí nítòótọ́, tó lè dáhùn bí wọ́n bá bi í.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló gba ìrònú jù. Mo ti mọ̀ pé Congo ni àwọn ọmọ ogun wa ti kọ́kọ́ lọ pa àlàáfíà mọ́ ní 1960, pé ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOWAS, wọ Làìbéríà ní 1990, pé Operation Hadin Kai ni orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ní ìlà-oòrùn àríwá báyìí. Ṣùgbọ́n kíká sórí kò tó. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí o rò, àti bóyá o lè sọ ọ́ ní gbólóhùn tó mọ́. Wọ́n bi mí ìdí tí mo fi padà wá. Mo sọ ti abúlé kan ní Nasarawa tí mo ti sin ìjọba, níbi tí kànga ilé-ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́. Mo kó àwọn àgùnbánirọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi jọ, a lọ bá olórí abúlé, a dá owó, a tún un ṣe. Àwọn kan kò kọ́kọ́ gbà; mo ní láti gbọ́ tẹnu wọn kí wọ́n tó gbọ́ tèmi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí à ń pè ní aṣáájú, n kò sì ní ìtàn náà lọ́wọ́ nígbà àkọ́kọ́.

Àwọn gbájúẹ̀ yóò wá bá ọ, wọn yóò ní àwọn mọ ẹni tó lè fi orúkọ rẹ sí i. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù DSSC. Má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n mú mi. Mo mọ àwọn tó múra bí mo ṣe múra tí wọn kò mú, nítorí náà ni mo fi ń gba àwọn àbúrò níyànjú pé kí wọ́n ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ bí wọ́n ti ń gbìyànjú. Bí ìkéde bá tún jáde, mú ìwé, kọ ohun tó ti yàtọ̀ lára rẹ, nínú ìmọ̀ rẹ àti nínú ìwà rẹ láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọ́ sílẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ṣì gbà ọ́ láyè tí ìwé náà sì ṣófo, má tíì lọ. Bí o bá rí ohun kọ síbẹ̀, gba fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i.